Kérésìmesì Tó Wà Lọ́rùn Màámi Nìkan

Kí Màámi tó kú, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé báwo lẹ ṣe ń ṣe Kérésì nílé yín, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: "A máa ń kóra jọ ni." À ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìkórajọ náà kò ní olúwa kan. Ó ní olúwa. Ẹnì kan ló ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀ wá, tó ń parí ìjà kó tó di ọjọ́ ọdún, tó ń rántí ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ fi ti ẹnì kan jókòó. Ikú mú un lọ nígbà tí ọdún kù díẹ̀ kó dé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwa ọmọ tó mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni méjì ni mo ń kọ ìrírí yìí fún. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ìyá rẹ̀, tàbí bàbá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá gbé gbogbo ètò ọdún, tí ẹni náà ṣì wà láàyè, tó ṣì lè dáhùn bí a bá bi í. Ẹnì kejì ni ẹni tí oṣù Kejìlá ń bọ̀ wá bá nínú ọ̀fọ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, oṣù Kọkànlá parí láìsí ẹni tó pe ẹnì kejì. Bùrọ̀dá, àkọ́bí wa, rò pé Àǹtí ni yóò bẹ̀rẹ̀ ètò, torí òun ló sún mọ́ Màámi jù. Àǹtí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń retí kí ẹnì kan bi òun ní ọjọ́ tí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ òru. Èmi ń wojú Bàámi. Nígbà tí àbúrò wa obìnrin kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti ṣèlérí fún àwọn àna rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn làwọn máa lo gbogbo ìsinmi ọdún. Bàámi ní tirẹ̀ wà nínú yàrá, kò retí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa bẹ́, orí fóònù ló ti bẹ́, ọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bùrọ̀dá ní gbogbo bí Màámi ṣe ń ṣe é la máa ṣe é, ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àbúrò mi ní òun ò lè kó ọ̀rọ̀ òun jẹ lójú àwọn àna òun. Bùrọ̀dá wá sọ pé, "Ilẹ̀ ojú oórì Màámi ò tíì gbẹ, ilé ẹlòmíì lo fẹ́ lọ jókòó sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó sọ̀rọ̀ dáadáa padà. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bàámi, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ẹ jẹ́ kí ọdún yìí kọjá lórí mi. Mi ò fẹ́ nǹkan kan."

Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn náà ni pé ọ̀fọ̀ kan náà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹni tó ń pariwo pé kí nǹkan kan má yí padà, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó ní ká pa gbogbo rẹ̀ tì, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ sá lọ sí ilé àna, ọ̀fọ̀ ló ń sá fún. Kò sí èyí tó fẹ́ràn òkú ju èkejì lọ. Ká ní ẹnì kan sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yẹn, ìjà náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Bùrọ̀dá borí. A ṣe é bí Màámi ṣe ń ṣe é, tàbí bí a ṣe rò pé wọ́n ń ṣe é. Ohun méjì wà tí èèyàn mẹ́ta rà, ohun pàtàkì sì wà tí ẹnikẹ́ni ò rà. Gbogbo òwúrọ̀ yẹn, a ń rìn yí ká orúkọ Màámi, ẹnikẹ́ni ò dá a. Nígbà tó kan Bíbélì kíkà, Bùrọ̀dá ṣí Bíbélì Màámi sí Lúùkù orí 2, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé ẹsẹ keje, níbi tí kò ti sí àyè fún wọn nínú ilé èrò, ohùn rẹ̀ há. Ó dúró. A dúró dè é. Kò sí ẹni tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé láti kékeré, ohùn kan ṣoṣo la mọ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọmọ àbúrò mi, tí kò tíì ju ọmọ jẹ́léósinmi lọ, wá bèèrè sókè pé, "Màmá Àgbà dà?" Àgbàlagbà bíi mẹ́ta ló sọ pé, "Ṣshhh!" lẹ́ẹ̀kan náà. Bàámi dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Bí ẹ ò bá ní rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí "Ṣshhh" yẹn. Ọmọ yẹn nìkan ló sọ òtítọ́ inú pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàámi sọ fún mi nígbà tó yá pé kì í ṣe ìbéèrè ọmọ náà ló lé àwọn wọlé, bí a ṣe pa á lẹ́nu mọ́ ni. Wọ́n ní ṣe ló dà bíi pé a fẹ́ nu Màámi kúrò nínú ilé. Láti ìgbà náà, a máa ń dá orúkọ wọn ní kùtùkùtù ọjọ́ ọdún, kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì. Ẹnì kan á sọ ohun kan tí wọ́n ṣe rí, ẹlòmíì á gbè é. Ẹni tó bá sunkún á sunkún. Àwọn àgbà kúkú ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo kíyè sí ni pé ara máa ń tu ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì lè bá ọmọdé ṣeré.

Lẹ́yìn ọdún, Àǹtí wá sílé mi. A mú ìwé kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí Màámi ń ṣe láti oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ ọdún. A rò pé ojú ewé kan á gbà á. Ilẹ̀ ṣú bá wa nídìí rẹ̀.

Màámi máa ń pe Àǹtí kí ọsibítù tó ṣètò ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún, torí pé bí ìwé yẹn bá ti jáde, kò ṣeé yí mọ́. Wọ́n ń pe ìyá ọkọ àbúrò wa fúnra wọn, obìnrin sí obìnrin, láti bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ máa wà lọ́dún yìí. Àwa ò mọ̀ pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìjà ilé ọkọ àti ilé bàbá wọlé wá rí. Wọ́n máa ń ra ẹ̀bùn díẹ̀díẹ̀ láti àárín ọdún. Wọ́n mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀ lọ́dún wo, wọ́n á sì dọ́gbọ́n sọ fún un pé kó má ra nǹkan kan wá, pé òun ti rà á ní orúkọ rẹ̀. Bùrọ̀dá jẹ́wọ́ fún wa nígbà tó yá pé ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, gbogbo ẹ̀bùn tí òun fún àwọn ọmọ wa, Màámi ló rà á. Mo ti dúpẹ́ ẹ̀bùn yẹn lọ́wọ́ Bùrọ̀dá láìmọye ìgbà.

Wọ́n tún máa ń kọ káàdì sí gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Mo ti kà á rí pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe káàdì Kérésì tí wọ́n ń tà, Henry Cole ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843, ṣe é torí pé lẹ́tà tó yẹ kó dá èsì rẹ̀ padà ti pọ̀ jù. Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán ìdílé tó jókòó yí tábìlì ká, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kó lè kàn fọwọ́ sí i. Ó wú mi lórí nígbà tí mo kà á, pé ọkùnrin tó lórúkọ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ oṣù Kejìlá ti borí rẹ̀ rí, ó sì wá ọ̀nà dín in kù. Màámi ò dín tiwọn kù. Kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá ó wúwo.

Ẹ bi ẹni tiyín. Ẹ má bi í lọ́jọ́ ọdún, torí kò ní ráyè dá yín lóhùn. Ẹ bi í nígbà tí ara bá rọ̀ ọ́, kí ẹ sì mú ìwé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. "Kí ni kí n bá yín ṣe?" kò tó, nítorí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn ló ṣì ń ronú fún gbogbo ilé. Iṣẹ́ tí ẹ bá gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ máa rántí rẹ̀.

Ọdún kejì, inú oṣù Kẹwàá la ti pàdé lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kọ́kọ́ le. Bùrọ̀dá ní ọjọ́ 25 ni Kérésì, kò sí ohun tó yẹ ká máa sọ lórí ẹ̀. Àǹtí dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bùrọ̀dá, ṣé mo máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 25?" A gbìyànjú láti rántí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Àǹtí ti ń dé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ kejì, tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú àwo tí Màámi fi nǹkan bò, tí àwọn ọmọ ti tú gbogbo ẹ̀bùn. Ọdún tí à ń yin ara wa fún, pé gbogbo wa la máa ń pé síbẹ̀, a ò pé rí. Ẹnì kan wà tí à ń ṣe é láìsí i, òun náà sì ń gbé e mọ́ra nítorí Màámi.

Ọkọ àbúrò mi ló wá bá wa dá sí i. Inú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti ìhà ìlà oòrùn, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ní ní ilé àwọn, ọjọ́ keje oṣù Kìíní ni Kérésì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ Kristẹni ní Rọ́ṣíà, Sẹ́bíà, Íjíbítì àti Etiópíà. Ní ti Rọ́ṣíà àti Sẹ́bíà, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá náà ni, àmọ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ìjọ wọn ń tẹ̀ lé fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé ń lò báyìí. Ó ní Ukraine gan-an ṣe òfin lọ́dún 2023 láti gbé tiwọn wá sí ọjọ́ 25, wọn kò sì torí ìyẹn sọ Jésù nù. Èmi náà lọ ka tèmi. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Àkọsílẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí jù tó so ìbí rẹ̀ mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá wà nínú ìwé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n kó jọ ní Róòmù lọ́dún 354, tó tọ́ka sí ọdún 336. Ìjọ àtijọ́ sì ti ń ka ọjọ́ méjìlá fún ọdún náà, láti Kérésì títí wọ ọjọ́ Ìfihàn, ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, tí wọ́n fi ń rántí àwọn amòye tó wá kí ọmọ náà.

Mi ò ní purọ́ pé ìtàn ló yí Bùrọ̀dá lọ́kàn padà. Ọ̀rọ̀ Àǹtí ni. Àmọ́ ìtàn náà fún un ní ibi tó lè gbà yí padà láìdà bíi pé ó já Màámi kulẹ̀. A fẹnu kò: ọjọ́ 25, kí kálukú wà níbi tó bá bọ́ sí, kí ẹni tó bá lè wà lọ́dọ̀ Bàámi wà níbẹ̀. Ìkórajọ ńlá yóò wà lọ́jọ́ kan láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn, ọjọ́ tí Àǹtí kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ Àǹtí la kọ́kọ́ ń wò báyìí kí a tó wo nǹkan mìíràn. A tún rí i pé ìrìn àjò rọrùn lẹ́yìn ọjọ́ 25, èrò kì í pọ̀ lójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, àwọn àna àbúrò mi kò sì ní ẹjọ́ kankan láti bá wa rò mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà, a sọ ọ́ ní gbangba. Ó nira ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ lọ, torí ojú máa ń tini. A pinnu pé àgbàlagbà kò ní ra ẹ̀bùn fún gbogbo èèyàn mọ́: ká kọ orúkọ sínú bébà, ká ṣẹ́ kèké, kí kálukú ra ẹyọ kan fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kí iye tí a fẹnu kò sí má kọjá agbára ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀ jù. Ẹ̀bùn mi lọ́dún yẹn jẹ́ fọ́tò Màámi kan tí n kò rí rí. Àbúrò mi ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún pípẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ páálí ọdún. Inú páálí kan ni Màámi ń kó ère amọ̀ kéékèèké ìbí Jésù sí: Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ náà, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, olùṣọ́ àgùntàn, àwọn amòye mẹ́ta. Nígbà tí èmi àti Àǹtí tú u, a rí i pé aṣọ wa àtijọ́ ni wọ́n fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ìbọ̀sẹ̀ iléèwé mi, tó ti já ní gìgísẹ̀, ni olùṣọ́ àgùntàn wà. Ọ̀kan nínú àwọn amòye, ọwọ́ rẹ̀ ti kán, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà sì ti pọ́n bí oyin. A jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọ̀nyẹn lórí ẹsẹ̀ wa.

Àwọn ọmọ la gbé páálí náà fún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ta ló ní kí màlúù wà níbẹ̀? A wá a nínú Lúùkù, a ò rí i. Àìsáyà orí kìíní ló sọ̀rọ̀ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó mọ ibùjẹ ẹran olúwa wọn. Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, sì kó màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi sídìí ibùjẹ ẹran tó kún fún koríko ní Greccio, nílẹ̀ Ítálì, lọ́jọ́ àìsùn Kérésì ọdún 1223, kí àwọn ará ibẹ̀ lè fi ojú ara wọn rí bí ó ṣe rí. Ṣé mẹ́ta ni àwọn amòye lóòótọ́? Mátíù kò ka iye wọn. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá. Ó sì ní inú ilé ni wọ́n ti bá ọmọ náà. Ọmọbìnrin mi ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí àwọn amòye ti dé. Ó gbé wọn lọ sí orí ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ní òpin pálọ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń sún wọn díẹ̀, láti ṣẹ́ẹ̀fù dé wíńdò, láti wíńdò dé orí rédíò Bàámi, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kìíní. Màámi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tuntun àkọ́kọ́ tó wọ Kérésì wa lẹ́yìn wọn nìyẹn, inú ẹnikẹ́ni kò sì bàjẹ́ sí i.

Lúùkù orí 2, a ti pín in. Kò sí ẹni tó ń dá kà á mọ́. Bùrọ̀dá ń ka ẹsẹ 1 sí 7, àwọn ọmọ ń ka ti àwọn áńgẹ́lì, Bàámi ń parí rẹ̀ ní ẹsẹ 20. Bí ohùn ẹnì kan bá há, ẹni tó jókòó tì í yóò gbà á. A ti fẹnu kò sí i tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò dúró tí yóò máa wojú ẹnì kejì.

Ní ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tàbí aya, ẹ̀kọ́ tí Bàámi kọ́ wa nìyí. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo wa ń bi wọ́n pé, "Bàámi, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é?" Wọn kò mọ̀. Ẹni tí ayé rẹ̀ dàrú kò lè jókòó ṣètò ọdún lódindi. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè kéékèèké, wọ́n ń dáhùn. Ṣé ká gbé àga Màámi síbi tó wà àbí ká gbé e sínú yàrá? Ká gbé e síbi tó wà, kí ọmọ kan jókòó sí i. Ṣé ẹ fẹ́ wà pẹ̀lú wa láti àárọ̀ àbí ní ọ̀sán? Ní ọ̀sán. A tún sọ fún wọn pé bí ó bá sú wọn, kí wọ́n dìde, kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé wọn tàbí tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ọdún tí a sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò dìde rárá.

Ohun tí kò sí ẹni tó retí ni pé Bàámi ló gba iṣẹ́ fóònù. Àwọn fúnra wọn ló bèèrè fún un nígbà tí à ń pín iṣẹ́. Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, wọ́n á pe kálukú wa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lórí Àǹtí: "Ọjọ́ wo ni wọ́n fún ọ?" Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á pe ìyá ọkọ àbúrò mi, àwọn méjèèjì á sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ti pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣe Kérésì ọjọ́ keje oṣù Kìíní.

Wọ́n ti gbà. Àbúrò mi ti ṣàlàyé fún wọn pé ìjọ àwọn àna òun máa ń gba àwẹ̀ tó ju oṣù kan lọ kí ọjọ́ náà tó pé, àti pé ìsìn òru rẹ̀ máa ń gùn. Bàámi ní ìyẹn kò kan òun, òun máa sun oorun ọ̀sán. Bùrọ̀dá ló ń wá tíkẹ́ẹ̀tì.